Ẹ̀yin Mélòó Lẹ Kù?

"Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa," ni agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ òróró wí. "Ilé ahoro ló kún ibẹ̀."

Kó tó gbẹ́nu kúrò lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ìyá Aránṣọ ti dìde.

"Èmi wá ńkọ́? Ṣé òkú ni mí ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Láti òwúrọ̀ ló ti wà lórí àga onírin yẹn, tó ń gbọ́ bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn. Òfin tuntun ni ìjọba fẹ́ ṣe lórí èéfín. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń fi igi tàbí èérún pákó dáná sábẹ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí ń se omi di ooru, gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sẹ́nu ọ̀pá èéfín rẹ̀, bí èèyàn bá ń gbé nítòsí. Bí kò bá sí èèyàn, kò sí asẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Akọ̀wé ìjọba tó ń darí ìpàdé, ọmọbìnrin tí kò lè ju àbígbẹ̀yìn Ìyá Aránṣọ lọ lọ́jọ́ orí, ní, "Ẹ má bínú, màmá. Níbo lẹ̀ ń gbé?"

"Ẹ̀yìn ògiri wọn gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti ránṣọ títí ojú mi fi kọ abẹ́rẹ́. Eérú wọn là ń gbá láràárọ̀. Bí a bá fun imú, dúdú là ń rí. A ti ké, a ti pariwo."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ kù níbẹ̀, màmá?"

Ìbéèrè tó rọrùn. Ìyá Aránṣọ la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n nínú ọkàn rẹ̀ láti ìkángun òpópónà, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn wọn. Tíṣà tó máa ń kọrin nínú balùwẹ̀: ó ti kó lọ nígbà tí ikọ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ oògùn. Káfíńtà, tó ní eérú ló sọ irun òun di ewú, kì í ṣe ọjọ́ orí: ó ti lọ bá àbúrò rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ dágbére. Ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbá ṣí ló sọ fún un. Ọkọ Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í yé pè é lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," òun a sì dáhùn pé, "Ta ni kí n wá fi àwọn ará àdúgbò sílẹ̀ fún?"

Àwọn ará àdúgbò wo?

Èèyàn kan kì í jẹ́ "àwá dé". Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ "àwa" ló ti fi ń bora láti ọjọ́ yìí wá.

"Èmi nìkan ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní kó tún un wí.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Akọ̀wé ní, "Ẹnì kan tó, màmá." Agbẹjọ́rò jókòó.

Nígbà tí ìpàdé túká, ọkùnrin kan tí iná ti jẹ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde.

"Màmá, ẹ kú ìdúró. Èmi ni mo ń koná mọ́ bọ́ílà."

Ìyá Aránṣọ fà sẹ́yìn. "Ẹ wá bá mi jà ni?"

"Jà kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí fèrèsé òkè nídàájí, tẹ́ ẹ máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ bá ti ń gbálẹ̀, àbí?"

Ojú tì í. "Ẹ ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́. Èmi nìkan ló máa ń wà lẹ́nu iná lásìkò yẹn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní orí ọ̀gá wa dà bí ìkòkò tí wọn ò fọ ìdí ẹ̀, ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí fèrèsé yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Wọ́n jọ rìn díẹ̀.

"Kí ni wọ́n máa wá fi yín ṣe báyìí?"

"Wọn ò ní ra asẹ́. Bọ́ílà onígáàsì ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé, ìyẹn ò sì nílò ẹni tó ń koná." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Ó sàn bẹ́ẹ̀. Èémí mi náà ti ń dún."

Ní oríta, ó yà sọ́wọ́ òsì. "Ó dàárọ̀, màmá."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá Aránṣọ dúró, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ àárín èrò.

Àṣé àwọn méjì ni.