Ohun Tí Hàwáù Dì Mọ́jú Sá Lọ

Egbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hàwáù ti lé lọ́dún méjì, ó sì ń rá lọ sí ojú ọ̀tún. Jẹjẹrẹ ni. Irú rẹ̀ ló fọ́ ojú ìyá rẹ̀ kó tó pa á. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà yìí fi gbé ìdí bí ebè iṣu kúrò ní Kambolé nílẹ̀ Tógò, tó fẹsẹ̀ rìn dé Sokodé, nígbà tó gbọ́ pé dókítà Jámánì kan gbé oògùn tuntun dé.

Ó ti ki aṣọ bọ ẹnu, ó ń retí ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kọ́ ló rí. Páípù kan tó kéré bí abẹ́rẹ́ ni òyìnbó náà fi ẹ̀mú gígùn mú jáde nínú àpótí òjé, tó fi aṣọ wé, tó dì mọ́ egbò náà.

“Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí a ó fi dé,” ni Làmídì ògbufọ̀ wí.

Hàwáù jókòó. Nǹkan náà kò gbóná, kò ta á. Àṣé tírà ni! Ta ló ń so tírà mọ́ra fún ìṣẹ́jú díẹ̀? Bí òun bá gbé e sùn, tóun gbé e jí, egbò á sá lọ tìtìjú-tìtìjú. Ó wọ̀tún wòsì, ó fa ìborí bojú, ó kọrí sọ́nà Tchamba, ọ̀nà ilé.

Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ni, Làmídì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Ẹ dúró, Màmá! Iná lẹ gbé!”

“Iná wo? Ṣé ò ń rí èéfín lórí mi ni?”

Òyìnbó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó fi ẹ̀mú já nǹkan náà kúrò, ó jù ú sínú àpótí òjé, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́.

Hàwáù tẹjú mọ́ ọwọ́ òyìnbó. Èékánná ò sí níbẹ̀ mọ́. Orí ìka méjì dúdú, wọ́n gbẹ bí igi tó jóná.

“Ohun tẹ́ ẹ jí ló ṣe é,” ni Làmídì wí. “Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí ń jáde lára rẹ̀. Ó ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ tó bá pẹ́ lára, á pa ẹran tó dáa mọ́ ọn. Ojú yín ì bá fọ́.”

Hàwáù fìdí sọlẹ̀ gbì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó tutù bí omi àmù.

“Subuhánálláì! Mo jí iná, mo tún so ó mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀!”

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà pọ́n, ó bó bí ìgbà tí ẹ̀kọ gbígbóná dà síni lára. Nígbà tó sì jinná, egbò ti fà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá ojú. Òyìnbó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i tóun á di páípù náà mọ́ ọn.

“Làmídì, wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú,” ni Hàwáù wí. “O mọ̀ mí, olè ni mí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Hàwáù rí ọwọ́ òyìnbó tó jóná yẹn tó tún nà sí àpótí òjé, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.