Ohun tí Làmídì Kò Gbọ́

"Ẹ gbọ́ ọ báyìí, àbí ẹ ò gbọ́ ọ?" Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá béèrè, ó sì tún tẹ iná mọ́tò náà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ọjà Mọ́níyà. Làmídì mẹkáníìkì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó na ọrùn, ó pajú dé, ó ṣe gbogbo ohun tí àgbà oníṣẹ́ máa ń ṣe bó bá ń fetí sí mọ́tò. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Ó gbọ́ táyà lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ariwo tí obìnrin yìí ń wí, èyí tó ní ó máa ń ké tín-ín-rín bí òròmọdìẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù nígbàkígbà tí òun bá tẹ iná, Làmídì kò gbọ́ ọ rárá.

"Mo gbọ́ ọ," ni ó wí.

Ìgbà kẹta nìyí tí yóò pa irọ́ yìí fún un. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà kejì, ó ní bẹ́líìtì ni. Ariwo kò lọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni obìnrin náà, kì í sì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń tẹnu mọ́ ni pé òun fẹ́ gbé ìyá òun lọ rí dókítà ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, pé òun ti fi odidi ọjọ́ kan tò fún epo nítorí ìrìn-àjò náà, òun kò sì fẹ́ kí mọ́tò já arúgbó sílẹ̀ sínú igbó.

Làmídì ní kó fi ọkàn balẹ̀, kó fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún òun, pé bó bá fi máa di ọ̀la á ti dákẹ́. Obìnrin náà dúpẹ́ títí. Ọpẹ́ náà kò dùn mọ́ Làmídì nínú.

Etí-ehoro ni wọ́n ń pe Làmídì ní gbogbo Mọ́níyà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí orúkọ náà ti ń bọ́ ọ. Làmídì á wà nídìí ẹ̀bà rẹ̀, mọ́tò á kọjá lójú títì, á ní kí wọ́n sáré pe awakọ̀ náà padà, pé bíárìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń sunkún. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé ó máa ń gbọ́ ohun tí eèrà ń bá ara wọn sọ. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n àsọdùn tó ń mú oníbàárà wá ni, Làmídì kò sì já ẹnikẹ́ni nírọ́.

Etí yẹn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Àmọ̀pé ìyàwó rẹ̀ ló fura, lọ́jọ́ tí kẹ́tùlù omi tíì ń súfèé tí ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kí àwọn jọ lọ sí ọsibítù. Làmídì dá a lóhùn pé ìrònú ló gba òun lọ́kàn. Ta ni yóò gbé mọ́tò wá fún mẹkáníìkì adití? Bí Mọ́níyà bá gbọ́ ọ lónìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijẹ nìkan ló ń dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ Múyì ni.

Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó pẹ́ lọ́dọ̀ Làmídì tó Múyì. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́. Ó ku oṣù méjì péré kí Làmídì gbàdúrà fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, kó fún un ní fíríìdọ̀mù, kí òun náà lè lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1992, ìyẹn ọdún méjì sẹ́yìn, oníṣu kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Làmídì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Múyì ní ó wà, pé bíárìn kan ń ké nínú rẹ̀. Làmídì ní kò sí. Tẹ̀rùtẹ̀rù ni Múyì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníbàárà wà níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ Làmídì sì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ta ayò. Ọmọ iṣẹ́ kì í já ọ̀gá rẹ̀ nírọ́ láàárín agbo. Làmídì fọ́ ọ létí. Ó ní etí rẹ̀ ló ń dún, pé ẹni tí kò ní etí kò lè ṣe mẹkáníìkì, ó sì lé e lọ láìgbàdúrà kankan fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bíárìn ọkọ̀ oníṣu náà fi fọ́ lójú ọ̀nà. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó pa ènìyàn. Ọjọ́ yẹn ni Làmídì mọ̀ pé etí òun ló lọ, kì í ṣe ti Múyì. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì dákẹ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé Múyì wà ní Adégbàyí, pé ó tún ń kọ́ iṣẹ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí ẹgbẹ́ kì í gba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbàdúrà fún láàyè láti dá dúró. Gbogbo Jímọ̀ ni Làmídì máa ń pinnu pé òun yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Jímọ̀ ń kọjá, kò lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ti Làmídì yàtọ̀: òun tó ṣu gan-an ni kò rí i gbàgbé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, ó ṣí iwájú mọ́tò Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá. Ó fi ọ̀pá irin gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fi etí ti orí ọ̀pá náà, bó ṣe máa ń ṣe látijọ́. Ìgbọ̀nrìrì nìkan ló ń mọ̀ lára, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì tí kò tíì dúdú, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí kò mọ ohun tí yóò tún pààrọ̀ mọ́, ó nu ọwọ́, ó jókòó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì ni obìnrin náà wá gba mọ́tò rẹ̀. Ó wà á dé oríta, ó wà á padà, ó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Làmídì, ẹ ṣé o. Mo rò pé ó ti dín kù." Ó wo mọ́tò náà. "Kí n má parọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ bá ní ó ti lọ, á jẹ́ pé etí mi ló ń dún."

Ọ̀rọ̀ náà gún Làmídì láyà. Ọ̀rọ̀ tó fi lé Múyì lọ gan-an ni obìnrin yìí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá, ó gbọ́ ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé Làmídì ni ó ní kò sí mọ́, ó ti ń fura sí ara rẹ̀. Bí Làmídì bá sì panu mọ́ báyìí, ó parí. Lọ́la, ìyá arúgbó á jókòó sẹ́yìn mọ́tò yìí, wọn á máa sáré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó ń bàjẹ́ lábẹ́ wọn.

"Etí yín kò dún," ó wí. "Èmi ni mi ò gbọ́ ọ, Màdámù. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò ti gbọ́ ọ. Etí mi ti lọ."

Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá wò ó títí. Kò jágbe mọ́ ọn. Ì bá sàn fún Làmídì bó bá bú u.

"Kí ló dé tí ẹ fi ní ẹ gbọ́ ọ?"

"Ìtìjú ni."

Obìnrin náà bi í léèrè ta ló wá lè gbọ́ ọ. Làmídì ní ẹni náà wà ní Adégbàyí, pé tí wọ́n bá ń rọra lọ, tí wọn kò tẹ iná jù, wọ́n á dé ibẹ̀. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n rọra ń lọ títí wọ́n fi kọjá Ìwó Róòdù, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ń fun fèrè, wọ́n ń yà wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Dàpọ̀ ni orúkọ ẹni tó ni ín, bóyá ló ju Múyì lọ pẹ̀lú ọdún kan. Ó fi ọwọ́ gbá ara típà kan, ó ní kí Múyì jáde wá lábẹ́ rẹ̀. Múyì jáde, ọ́ìlì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Bó ṣe rí Làmídì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó dọ̀tí yẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ náà dun Làmídì ju ìwọ̀sí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó yẹ kí òun náà ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, ló ń wọ aṣọ ọmọ iṣẹ́ yìí.

Làmídì sọ ohun tó gbé wọn wá. Múyì ní kí Màdámù wà á lọ síwájú, kó tẹ iná padà wá. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tẹrí ba díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mọ́tò náà kọjá níwájú rẹ̀.

"Kúrọ́ọ̀sì pùrọ̀pẹ́là ni," ó sọ fún Dàpọ̀. Kò sọ ọ́ fún Làmídì. "Ti iwájú. Ó ti gbẹ."

Pùrọ̀pẹ́là ni ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, kúrọ́ọ̀sì ló sì so ó mọ́ ibi tó ti ń gba agbára náà. Wọ́n gbé mọ́tò sókè, wọ́n tú u. Àwọn bíárìn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa. Dàpọ̀ súfèé, Làmídì rí ẹnu rẹ̀ tó ká jọ, kò gbọ́ ìfé náà. Dàpọ̀ wá sọ fún Màdámù pé kó dúpẹ́, pé bí eléyìí bá já lórí eré, ọ̀pá náà á gún ilẹ̀, mọ́tò á sì dojú dé. Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lé àyà. Kò wo ibi tí Làmídì wà.

Wọ́n ra òmíràn, Múyì dè é. Nígbà tó parí, Làmídì dìde níwájú gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà.

"Dàpọ̀, fetí sí mi. Ọmọ yìí ti kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ tí mo lé e, òtítọ́ ni. Èmi ni mi ò gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo sì dákẹ́." Ó kọjú sí Múyì. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Kúnlẹ̀, kí n gbàdúrà fún ọ."

Múyì kò kúnlẹ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó tẹrí ba, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Bó bá jẹ́ lánàá ni, Làmídì á kàn mi orí, á ní ó dára bẹ́ẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ó wí. "Tún un sọ."

Múyì gbé orí sókè. Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lódì kejì títì fi wẹ̀yìn.

"Mo ní ẹ ò lè ṣe é níbí, Ọ̀gá. Mọ́níyà lẹ ti lé mi. Ojú àwọn tó rí i nígbà yẹn ni kí ẹ ti gbàdúrà fún mi."

Làmídì mọ ohun tí ọmọ náà ń béèrè. Kò sí bí yóò ṣe ṣàlàyé ìdí tó fi pe Múyì padà tí ẹgbẹ́ kò fi ní mọ̀ nípa etí rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì mọ̀, gbogbo Mọ́níyà mọ̀ nìyẹn. Ó wo Ìyáàfin Fẹ̀yìntọlá, tó ti ń wò ó wàyí.

"Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé ẹgbẹ́," ó wí. "Aago mẹ́wàá. Tètè dé, Múyì, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."