Èédú Ìyá Luqman

Lọ́dún tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, ní 1994, Muslimah, ìyàwó kékeré Alhaji Mùstàfá onípákó ní Bódìjà, dá ọgbọ́n kan. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n máa ń dáná sun dànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló kó jọ. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tó ti rẹ sómi pò ó, ó kì í sínú agolo mílíìkì, ó yọ ọ́ sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó ń jó bí èédú, ó sì ń se ẹ̀wà jinná.

Alhaji ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn sọ mọ́. Bó kírun tán, Muslimah. Bó jókòó sídìí oúnjẹ, Muslimah. Bẹ́ẹ̀ Sìlífátù, ìyálé ilé, ìyá Luqman, ló se oúnjẹ náà. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún ohun tó ń ṣe é. Owú ni, ó sì ń jó o láyà.

Alhaji wá ní kí àwọn olóúnjẹ Agbowó wá wo èédú náà lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá gbà á, ọ̀nà ọjà ti là nìyẹn.

"Kí ọmọ àná wá di ìyá ọjà lójú mi?" ni Sìlífátù wí fún ara rẹ̀. "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó."

Nígbà tí Muslimah wọ balùwẹ̀, Sìlífátù bu ata gbígbẹ sínú lẹ́búlẹ́bú tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pò sílẹ̀ de Sátidé, ó rò ó pọ̀ dáadáa. Ẹni tí èéfín ata bá ti wọ̀ nímú rí mọ ohun tó ń wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò pé. Muslimah to èédú sínú ìdáná, ó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìyálé mi ló gbà mí sílé bí ọmọ. Orúkọ wọn la fi sọ ọjà yìí: Èédú Ìyá Luqman. Mi ò gbọdọ̀ ṣáájú wọn tanná sí i." Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìṣáná sí Sìlífátù. "Ẹ bá wa tàn án, mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji rẹ́rìn-ín sí Sìlífátù bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí i kí Muslimah tó dé. Sìlífátù ṣáná. Kò sún un mọ́ èédú. Iná jó dé ìka rẹ̀, ó jù ú nù.

"Ata wà nínú ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo bù ú sí i."

Alhaji la ẹnu, àmọ́ Muslimah ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn. Ó yẹ kí n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé orúkọ wọn la fi sọ ọ́. Òmíràn wà nílé, ẹ jẹ́ n lọ gbé e wá."

"Irú ìyàwó báyìí ṣọ̀wọ́n o!" làwọn olóúnjẹ ń wí. "Gbé e wá, a máa rà á."

Sìlífátù mọ̀ pé ó yẹ kóun dúpẹ́. Àmọ́ bí Alhaji ṣe fa ọmọbìnrin náà dìde, tó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lórúnkún rẹ̀, ó jowú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.