Ọkùnrin Inú Ìwé

Láti ọjọ́ tí ìyàwó apínlẹ́tà ti yá ìwé ìtàn àtijọ́ kan, ti ọkùnrin tó lọ dojú kọ ejò abìyẹ́ tí ń yọ iná lẹ́nu, ni ọkàn ọkọ rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín sí ìwé, á mí kanlẹ̀, ọbẹ̀ á sì jóná. Owú wá ń jẹ ọkọ bí ikán ti ń jẹ igi.

"Ìyá àwọn ọmọ, kí ni ọkùnrin yẹn ní tí mi ò ní?"

Ìyàwó kò gbójú sókè. "Ó máa ń ṣìnà. Ẹ̀yin ò ṣìnà rí."

Òótọ́ ni. Ogún ọdún ló ti fi ń pín lẹ́tà, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ó fa àga súnmọ́ ọn. "Kà á sí mi létí, kí n gbọ́ ohun tó fi ń yangàn."

Ìyàwó kà á. Ọkùnrin inú ìwé náà jáde nílé láìmọ ibi tó ń lọ, ó dé oríta, ó sì yà síbi tó wù ú. Apínlẹ́tà ṣì ń jowú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyàwó mọ́.

"Má dúró," ó ní. "Ibo ló yà sí?"