Ọwọ́ Tó Ń Darí Kíréènì

Nọ́ọ̀sì Akpevwe, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn nǹkan kan wà nínú ọpọlọ ènìyàn tó ń fún un ní agbára. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi, Sànúsí, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà òjò ni ọwọ́ ọ̀tún Sànúsí ti ń gbọ̀n. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ti dárúkọ àìsàn náà fún wa, Pákínsìn, ó kọ oògùn, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Kò yé mi.

"Màmá, ẹ gbọ́," ni Akpevwe wí. Ó ń fi ìka ṣeré fún Àlíù, ọmọ-ọmọ mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn. "Maitokọ́ńdíríà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Oúnjẹ tí a jẹ ni wọ́n ń sọ di agbára, bíi jẹnẹrétọ̀. Ti Àlíù ṣì ń pọ̀ sí i ni. Bó ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ṣíbí mú, àwọn maitokọ́ńdíríà yìí ń lọ síbi tí iṣẹ́ wà nínú ọpọlọ rẹ̀."

"Ti èmi ńkọ́?"

"Ti àgbàlagbà máa ń gbó. Ara ló ń kó èyí tó bàjẹ́ dànù, àmọ́ bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, kíkó yẹn náà á máa falẹ̀. Ẹ mọ bí jẹnẹrétọ̀ tó ti gbó ṣe máa ń ṣe. Èéfín á pọ̀, iná á rẹlẹ̀."

"Ti ọkọ mi, Bàbá Zulfah, wá ńkọ́?"

"Níbi tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú ọpọlọ, tiwọn ti ń dẹnu kọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn á ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti kú padà. Ẹ máa wò wọ́n bí wọ́n bá ń rìn. Ọwọ́ tí àìsàn yìí bá ti mú kì í fì dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà ni mò ń rò délé. Ọwọ́ ni iṣẹ́ ọkọ mi. Ní ọgbà ẹrù kan létí omi ní Apapa, òun ló ń dúró lẹ́bàá bájì, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù, tó ń fọwọ́ júwe fún ẹni tó ń wa kíréènì. Ẹni tó wà lókè kò lè gbọ́ ohùn, ọwọ́ nìkan ló ń wò. Bí Sànúsí bá di ẹ̀ṣẹ́, kó dúró ni. Bó bá ń mi ìka, kó máa sọ ẹrù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn sì wà nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́," mo bẹ ọkọ mi nígbà tó délé.

"Kí n sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀? Pé òtútù ń mú mi?"

"Ẹ kúkú gbọ́ ohun tí dókítà wí."

"Dókítà tí kò gbé àpò kan rí láyé ẹ̀! Ìyá Zulfah, bí o bá là á lẹ́nu, ìwọ lo lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ náà sí Àlíù. "Ijó ló ń jó. Inú ẹ̀ ló ń dùn."

Àlíù gbá a níka mú, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ìbọ̀wọ́ àti bàtà iṣẹ́ ni mò ń tà lẹ́nu géètì ọgbà náà. Nígbà tó di àárọ̀, ọkọ mi yà sí ìsọ̀ mi, ó mú ìbọ̀wọ́ awọ tó tóbi jù níbẹ̀.

"Èyí ti tóbi jù fún yín."

"Bó ṣe dáa nìyẹn," ló wí, ó sì wọlé lọ.

N kò lè tajà. Ojú mi kò kúrò létí omi. Kíréènì gbé àwọn àpò iyọ̀, ó gbé wọn wá sókè bájì. Onyeka, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wà nísàlẹ̀ nínú bájì, ó ń tún ibi tí ẹrù máa bà sí ṣe. Sànúsí di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ẹrù dúró. Onyeka kò tíì ṣetán, nítorí náà ọkọ mi ní láti gbé ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Bó ti ń pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìka ìbọ̀wọ́ tó gùn ju ìka rẹ̀ lọ wá ń jù fìrìfìrì.

Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo kígbe. Àwọn tó wà létí omi náà kígbe. Onyeka fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù sì já lu ibi tó ti dúró, iyọ̀ tú dà sí i lórí.

Ebimobowei, ẹni tó ń wa kíréènì, sáré sọ̀ kalẹ̀. Adékànmí, fọ́máànù wọn, pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ta ló ní kí o sọ̀ ọ́? You wan kill person? Oyá, máa lọ sílé ẹ, má padà wá mọ́!"

"Oga, na down e give me! I see im finger!"

"Bàbá Sànúsí, kí lẹ fi hàn án?"

"Ẹ̀ṣẹ́ ni," ni ọkọ mi wí. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ebimobowei kàn ń wò ó lójú. Ilé wa ni ọkùnrin yìí ti jẹ ẹran iléyá tó kọjá.

Mo fi ọjà mi sílẹ̀, mo lọ dúró níwájú ọkọ mi. "Bàbá Zulfah, ẹ dákun, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Mo rò pé yóò bú mi. Ó wo Onyeka tó jókòó sílẹ̀, tó ń gbọn iyọ̀ kúrò lórí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè. Ẹ̀ṣẹ́ náà dúró gbọin. Adékànmí pòṣé.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni ọkọ mi wí.

Gbogbo wa ń wò ó. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ mì, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí dé ìgúnpá.

"Ah, Baba," ni Ebimobowei wí. "Why you no tell me na?"

Ọkọ mi bọ́ fèrè iṣẹ́ kúrò lọ́rùn, ó fi lé Adékànmí lọ́wọ́. Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́. "Tà á fún ẹni tí yóò bá mu." Ó sì kọjú sí géètì.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè é pé, "Bàbá, Boundary?" Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní tirẹ̀. Mo ń wo ìrìn rẹ̀ bí Akpevwe ṣe ní kí n máa wò ó: ọwọ́ tí àìsàn bá ti mú kì í fì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Mo wá wo ti òsì, èyí tí kì í gbọ̀n. Mo ń retí kó fì. Kò fì.

"Bàbá Zulfah!"

Ó gba àárín àwọn tírélà kọjá lọ sọ́nà Ajégúnlẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.