Ògúnlàdé Y.

Dókítà Yẹ́misí Ògúnlàdé ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ìwádìí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó mọ iye àpilẹ̀kọ tó ti kọ: mọ́kànlélógún. Ó sì mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́ka sí wọn bí igba ìgbà. Iye yẹn kò pọ̀, àmọ́ kò tì í lójú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, bó ṣe ń múra iṣẹ́ nílé rẹ̀ ní Ìgándò, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Àlàdé, pè é lórí fóònù.

"Yẹ́misí, o ò sọ fún wa pé o ti dé ibi tó o dé yìí. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ti wo ojú ewé rẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àpilẹ̀kọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti tọ́ka sí wọn ju ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà lọ. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Bákan náà ló rí.

Ó jókòó, bàtà ẹsẹ̀ kan ló tíì wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àkọlé níkọ̀ọ̀kan. Oògùn tuntun tí wọ́n dán wò ní Kánádà: kì í ṣe tirẹ̀, kò dé Kánádà rí. Nígbà tó yá, ó rí i pé Ògúnlàdé mìíràn wà níbẹ̀, Yétúndé, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. "Ògúnlàdé Y." ni àwọn méjèèjì máa ń kọ sára iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ sì ti kó wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ kan wà tí kò mọ ibi tí yóò tò ó sí. Ó dá lórí àwọn aláìsàn tó ń dá oògùn dúró nígbà tí ara bá ti tù wọ́n. Kò sí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde sì ti kógbá sílé. Ọdún tí ìyá Yẹ́misí kú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn, àárín Ìgándò àti Adó-Èkìtì tí ìyá rẹ̀ wà ló ti ń sáré lọ sáré bọ̀, kò rántí ohun púpọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ tirẹ̀, a jẹ́ pé méjìlélógún ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó bi Gbóyèga, ọkọ rẹ̀. "Ṣé mo kọ nǹkan kan lọ́dún tí Màámi kú?"

"Ìgbà gbogbo lo máa ń kọ nǹkan. Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ èwo."

Ó kọ íméèlì sí Yétúndé, ó bi í léèrè iye tó jẹ́ tirẹ̀ àti ẹni tó ni àpilẹ̀kọ yẹn. Kò tíì kọ nǹkan kan sí ìgbìmọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ iye tó tọ́ ná.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó bá obìnrin kan lẹ́nu géètì rẹ̀. Àdíját lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Òkè-Odò, aládùúgbò kan ló júwe ilé fún un. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jà. Àpilẹ̀kọ ti Kánádà yẹn ló tẹ̀ sórí bébà, tó mú dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, oògùn yìí ni mo bá wá."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Àdíját wo bébà, ó wo ojú rẹ̀. "Orúkọ yín kọ́ nìyí ni?"

"Orúkọ mi ni. Iṣẹ́ mi kọ́."

"Kí wá ni iṣẹ́ tiyín, mà?"

Yẹ́misí ṣí géètì fún un. Ó kàn bi í pé, "Oògùn wo ni ẹ̀gbọ́n yín ń lò báyìí?"

"Ó ti dá a dúró láti oṣù tó kọjá. Ó ní ara òun ti yá."

"Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara tù gan-an ló máa ń tètè dá a dúró, àìsàn náà á sì padà dé. Mo bá bàbá kan pàdé nígbà kan tó jókòó níta ilé ìwòsàn, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ojú. Ó ní bí òun bá ń lo oògùn nìṣó, ńṣe lòun ń pe àìsàn padà."

 Bàbá onífìlà yẹn kò sí nínú ohun tó kà ní ọjọ́ Ajé. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Àmọ́ ṣé inú ìwádìí yẹn ló wà, àbí inú òmíràn? Kò mọ̀. Ó ní kí Àdíját pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́, títí ó fi gbà láti padà sí ilé ìwòsàn.

Ìdáhùn Yétúndé dé lọ́jọ́ kejì. "Márùndínláàádọ́rin ló dá mi lójú pé ó jẹ́ tèmi. Èyí tí ẹ béèrè yẹn, mo ti ń rò pé èmi ni mo kọ ọ́ tí mo gbàgbé, torí mo bí ìbejì lọ́dún náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ ẹni tó ni ín, ẹ sọ fún mi."

Yẹ́misí kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlàdé, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Inú ọ̀gá rẹ̀ kò dùn. "A jẹ́ pé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Mélòó gan-an wá ni tìrẹ?"

"Méjìlélógún, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú tán, sà. Àmọ́ mo rántí bàbá kan tó wà nínú ìwádìí náà."

 "Fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àdíját pè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti padà sídìí oògùn, oògùn náà kì í jẹ́ kí ohunkóhun dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì ń bá gbogbo ilé jà lórí oúnjẹ.