Líǹkì Tó Wọlé Lórúkọ Lusungu

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ímeèlì náà dé, ìkùukùu ti bo adágún Malawi débi pé èèyàn ò rí ibi tí omi parí sí. Àwọn kòkòrò nkhungu ń ru sókè lójú omi bí èéfín tí kò ní iná nísàlẹ̀. Tawonga ń sá ẹja usipa sẹ́yìn ilé àlejò tí òun àti Mbachi ọkọ rẹ̀ ń bójú tó ní Nkhata Bay. Fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló hàn: Lusungu.

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lusungu ti pẹ́ ní Joni, ní Gúúsù Áfíríkà. Kò wá sìnkú ìyá wọn, látìgbà náà ni wọn ò sì ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ inú ímeèlì náà ò pọ̀: "Mo kó àwọn àwòrán wa àtijọ́ jọ. Màmá wà níbẹ̀. Tẹ ibí."

Tawonga ń wo ọ̀rọ̀ náà, ó ń ṣe é bíi pé ìyá rẹ̀ ń rìn bọ̀ lórí iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ tútù léjìká.

"Bàbá Temwa! Ẹ wá o! Lusungu kọ̀wé!"

Mbachi sáré dé, ó wo fóònù náà. "Ìyá Temwa, má tíì tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti tún dé! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fura sí iyọ̀ inú ọbẹ̀."

"Iyọ̀ àná náà sì pọ̀. Fi ìka lé líǹkì yẹn, má tètè gbé e kúrò. Á fi ibi tó ń lọ hàn ọ́."

Ó fi ìka lé e. Àdírẹ́sì gígùn kan rọra yọ jáde. Orúkọ ibi tí gbogbo èèyàn ń kó àwòrán sí ló ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà mìíràn tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ọmọdé fọwọ́ gbá bọ́tìnnì.

"Ìparí orúkọ yẹn ni kó o wò," Mbachi ní. "Ibẹ̀ ni onílé wà. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí tó wù ú síwájú."

"Kì í ṣe Lusungu?"

"Kì í ṣe òun."

Ó pa ímeèlì náà dé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn gbájú-ẹ̀ yìí mọ̀ pé mo ní ìyá."

"Wọn ò mọ nǹkan kan. Ta ni ò ní ìyá? Nọ́ńbà Lusungu ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Àtìgbà wo?"

Tawonga rìn lọ sínú omi títí ó fi kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì pe Lusungu.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Ohùn Lusungu ò yí padà. "Ẹ ò tẹ nǹkan yẹn, àbí? Wọ́n ti gba ímeèlì mi. Mo ti ń pe gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò mọ bí màá ṣe pè."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Tawonga ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ní Joni.

"Mi ò ní ìwé ìgbélùú nígbà tí Màmá kú," Lusungu ní. "Bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún yín."

"Ò bá ti sọ ọ́." Tawonga fa ikun imú. "Ṣé o ṣì tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ̀! Orí mi ti ń pá."

"Irọ́ lò ń pa!"

"Ó ń dán bí abọ́. Ṣé kí n fi àwòrán ránṣẹ́?"

"Rárá," Tawonga ní, ó sì dijú. "Máa sọ bó o ṣe rí fún mi."

Lusungu sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí.